Pèpéle Kòkó

Níbi tí ìyá ìyá mi ti ń sá kòkó ní Òdòsídà,
sìmẹ́ńtì ṣì máa ń rùn bí ọtí kíkan tí òjò bá pa á.
Ibẹ̀ la ti ń gbá họ́kì:
bàtà onítáyà mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀,
pákó tí a tò yí ilẹ̀ ká
kí bọ́ọ̀lù má baà wọ oko ẹ̀gẹ́ aládùúgbò.

Àwọn ọmọ Àkúrẹ́ wá lọ́jọ́ Sátidé.
Wọ́n jẹ góòlù kan ní kùtùkùtù, wọ́n sì tilẹ̀kùn.
Ẹni mẹ́rin, igun mẹ́rin,
wọ́n fún mọ́ra bí hóró nínú kòkó tútù.
Aṣọ́lé wọn kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn
bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Fèyíṣará fọ́n ọn láti òkèèrè. Ó ba orúnkún.
Ó tún fọ́n ọn. Orúnkún náà ni.
Mo pariwo títí ohùn mi fi ha:
Ẹ yé kanlẹ̀kùn! Onílé ti gbọ́ yín,
kò fẹ́ ṣí i ni.

Ìyá àgbà kì í fi àdá ṣá kòkó láàárín.
Kùmọ̀ kékeré ló fi ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́,
á wá yí i,
hóró kan ò ní gbọgbẹ́.

Mákindé, gbé e lọ sósì, kí wọ́n sún.
Dá a padà sọ́tùn-ún kí wọ́n tó sún tán.
Ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Má kánjú.
Ọmọ́tárá, dúró síwájú aṣọ́lé,
má ṣe nǹkan kan,
ṣáà máa dí i lójú.
Ìwọ Akíndúró tí kì í dúró,
gba ẹ̀yìn ilé wọn lọ.

Ó lọ. Ó dé ẹ̀yìn àwọ̀n,
ó sì dúró,
àfi bí ẹni pé orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ ẹ.
Ọrùn mẹ́rin yí padà láti wò ó.
Ọrùn èèyàn kò lè wo iwájú kó tún wo ẹ̀yìn.

Àlàfo náà kò ju ìbú ìgbálẹ̀ lọ.
Fèyíṣará yọ́ gbabẹ̀ wọlé,
ó fi ọ̀pá kan bọ́ọ̀lù, kò gbá a,
ó kàn án bí a ṣe ń jí ọmọ tó sùn.
Kò tilẹ̀ dún.

A ò borí o. Ọ̀kan sí ọ̀kan, òjò dé.
Nígbà tí mò ń gbálẹ̀ lọ́jọ́ kejì
mo rí hóró kòkó kan nínú ìlà sìmẹ́ńtì,
ó ti gbẹ, ó dúdú.
Mi ò mọ ọdún tó wọbẹ̀,
mi ò sì yọ ọ́.