Elésè Àlùkò

Àárọ̀ Sátidé, ìrì ò tíì gbẹ lára koríko,
ẹrẹ̀ ti mù wá dé orúnkún
ní irà tó wà lẹ́yìn adágún, ní àríwá Wisconsin.
Orville Tesch, tó fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì iléèwé,
ló pín ṣọ́bìrì. Ó kà wá bó ṣe máa ń ka àwọn ọmọdé:
mọ́kànlá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a jẹ́ mẹ́tàlá.
Ẹ̀fọn ti lé méjì sílé.

Òdòdó náà ga jù mí lọ.
Ó wọ elésè àlùkò bíi bíṣọ́ọ̀bù,
oyin ń kùn yí i ká.
Ta ló fẹ́ gbà pé ọ̀tá rèé?
Ṣùgbọ́n ẹ wo abẹ́ rẹ̀: kò sí kònkò,
kò sí ìtẹ́ pẹ́pẹ́yẹ,
ìrẹsì omi tí ìyá-ìyá Delphine Cadotte
máa ń fi igi gbọ̀n sínú ọkọ̀ àjẹ̀
kò ku ṣírí kan.
Gbòǹgbò so kọ́ra bí irun tí ò rí òòyà.
Omi ò rọ́nà gbà.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà;
ti èyí ò rí bẹ́ẹ̀.
Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un ni, wọ́n gbé àga fún un.
Èmi mọ ẹni tó gbé àga náà.

Lọ́dún tí wọ́n bí mi, ìyá mi kọ̀wé sáwọn tó ń ta irúgbìn.
Àpòòwé kan dé. Ohun tó wà nínú rẹ̀
kò tó ìyẹ̀fun téèyàn ń fẹ́ dànù lórí tábìlì.
Ó gbìn ín sétí kòtò ẹ̀yìnkùlé,
kòtò sì ń ṣàn lọ síbi tí gbogbo kòtò ń ṣàn lọ.

Mi ò sọ fún Orville.
Mo tẹ ṣọ́bìrì bọlẹ̀, mo fà.
Bí a bá fa gbùrù, gbùrù a fa igbó:
ẹrẹ̀ dún pọ̀ọ̀, ó já bàtà rọ́bà gbà lẹ́sẹ̀ mi,
mo fìdí jókòó sínú omi tútù.
Delphine rẹ́rìn-ín títí ó fi wá nǹkan dì mú.
A rọra ki òdòdó bọ inú àpò ọ̀rá, orí rẹ̀ síwájú,
kí èso rẹ̀ má baà gbọ̀n sílẹ̀.

Màmá wà ní bèbè, lórí àga tí a ń ká,
búláńkẹ́ẹ̀tì lórí itan rẹ̀.
Láti ìgbà yìnyín ló ti gbàgbé orúkọ mi.
Mo ń wọ́ àpò kọjá, ó nawọ́ sí i:
“Òdòdó yìí mà dára o. Ta ló gbìn ín?”

Mo wo Delphine. Delphine ń wo omi.
“Ẹnìkan tó fẹ́ kí ẹ̀yìnkùlé òun lẹ́wà ni, Màmá.”
Ó mi orí. “Ẹ bá mi kí i.”

Nígbà tó fi di ọ̀sán, a ti kó àpò mọ́kànlélógójì.
Ibi tí a ṣán ò ju ibi tí bọ́ọ̀sì kan lè ti yí padà.
Omi dúdú yọ láàárín rẹ̀, ó ń mì,
àwọsánmà kan sì ti wọ inú rẹ̀.
Orville ní ká mú ìbọ̀wọ́ tó gùn dání
lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀.