Èwo Ni?

Wọ́n ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí,
bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin.
Nínú iṣẹ́ tèmi, ìyẹn kò tó.
Jadeya á fara pamọ́ sẹ́yìn igi tíìkì,
á bi mí wúyẹ́wúyẹ́:
Èwo ni?

Mo ṣí ìwé mi.
Etí òsì ya nísàlẹ̀, bí ewé tí kòkòrò jẹ.
Irun ìrù ṣẹ́ kù sí ẹ̀gbẹ́ kan.
Eyín ọ̀tún gùn ju tòsì lọ.
Akọ kẹtàdínlógún.
Jadeya kì í pe nọ́ńbà. Ọkọ Ìyàwó ló ń pè é,
nítorí ó máa ń rìn bí ẹni tí gbogbo ìlú ń wò.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí àwọn ìyá lé e kúrò nínú agbo.
Mo wà níbẹ̀. Kò sí ariwo.
Ọ̀kan kọ ẹ̀yìn sí i, òmíràn fi orí tì í,
títí ó fi ku òun nìkan létí odò Moyar,
tí ó na imú sókè, tí ó ń wá òórùn wọn nínú afẹ́fẹ́.

Ẹni tí ìyá lé á wá ẹ̀gbọ́n.
Ó rí akọ arúgbó kan tí kò léyín,
ó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí ọmọṣẹ́.
Ó kọ́ ibi tí omi ń ṣẹ́ kù sí lóṣù ẹ̀rùn.
Ó kọ́ bí a ṣe ń fi igi gbígbẹ wó wáyà iná.
Ó kọ́ pé ọkà rági dùn ju koríko lọ.

Òru ọjọ́ kan ni wọ́n jẹ oko Puttamadamma.
Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, ó fún mi ní kọfí, kò fún mi ní àga.
"Ìwọ tó ń ka erin, ta ní ń ka àpò rági mi?"
N kò rí èsì fọ̀.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo wọn ẹsẹ̀ erin nínú ẹrẹ̀ oko rẹ̀.
Ọmọbìnrin rẹ̀ ló bá mi di orí tépù mú.

Ẹ má rò pé ìmọ̀ ní òórùn dídùn.
Imí erin ni mò ń kó sínú ìgò,
mò ń kọ déètì sí i lára.
Inú rẹ̀ la ti ń mọ̀ bóyá ọkàn ẹranko balẹ̀,
tàbí àsìkò gbígbóná rẹ̀ ti ń bọ̀,
tí omi dúdú á máa ṣàn ní ẹ̀bátí rẹ̀,
tí kò ní mojú ẹ̀gbọ́n, tí kò ní mọ títì yàtọ̀ sí igbó.

Lọ́dún yìí, ìjọba fẹ́ kó akọ arúgbó náà lọ.
Mo gbé ìwé mi dé ọ́fíìsì wọn:
bí ẹ bá mú àgbà kúrò, ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ ní sùúrù?
Ọ̀gá náà ṣí fọ́tò méjì, ó yán.
"Gbogbo wọn jọra."

Lálẹ́ àná, ní aago méjì òru, fóònù mi dún.
Puttamadamma ni.
Kò sọ pé erin wá.
Ó ní: "Elétí yíya ni. Ó dá wá.
Mo lu àwo lẹ́ẹ̀mẹta, ó wò mí, ó yà sí ọ̀nà odò.
Kọ ọ́ sílẹ̀."