Ojú Àtùpà ní Odòjọmù

Akínnadé ló fi í ránṣẹ́ láti Ìbàdàn
nínú páálí tí wọ́n fi téèpù wé bí ẹni wé egbò:
àtùpà olójú kan.
Ojú ọ̀hún kò tó hóró àgbàdo,
ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ilẹ̀ bá ṣú, á mọ̀, á tàn fúnra rẹ̀.
Ìyá rẹ̀ bi mí léèrè, "Ta ni yóò sọ fún un?"

Mo gun àkàbà. Lúyì, ọmọṣẹ́ mi, di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.
A kàn án mọ́ igi àjà iwájú ilé,
kó lè máa ṣọ́ kòkó tí ìyá sá sórí tapólì,
torí olè Oǹdó lọ́dún yìí kì í gbé àpò mọ́;
abọ́ ni wọ́n ń mú wá,
wọn a bu díẹ̀ bí ẹni bu gaàrí ọ̀rẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kìíní ó tàn, ó kú. Ó tàn, ó kú.
Àwọn ọmọ àdúgbò jókòó sórí ògiri, wọ́n ń kà á;
wọ́n ti ka igba kí àwọn ìyá wọn tó pè wọ́n wọlé.
Ìyá ní, "Ṣé àtùpà lo gbé wá fún mi ni,
àbí ẹni tó ń ṣẹ́jú sí ọkọ ọlọ́kọ?"
Mo tún gòkè. Mo rí i:
ojú rẹ̀ kọ sí gílóòbù rẹ̀.
Ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò tó ń pè ní òwúrọ̀,
á ní iṣẹ́ ti parí, á sùn;
òkùnkùn á bò ó, á ta gìrì.
Mo mọ èèyàn tó rí bẹ́ẹ̀. N kò ní dárúkọ.
Mo gé agolo mílíìkì, mo fi dínà láàárín àwọn méjèèjì,
mo yí ojú náà sápá Òkè-Igbó, níbi tí oòrùn ń wọ̀ sí.

Ó wá ku wákàtí.
Bọ́tìnnì róbótó kan wà nídìí rẹ̀ tí a ń fìka yí:
méjì, mẹ́ta, mẹ́fà, títí dàárọ̀.
"Mélòó ni ká fi sí, ìyá?"
Kò dáhùn. Ó ń fẹsẹ̀ yí kòkó, ó ń dún ṣààṣàà.
Nígbà tó yá ó ní, "Bàbá Akínnadé kì í kọjá aago mẹ́wàá.
Bó wà nídìí ayò, bó wà nípàdé ẹgbẹ́ olóko,
aago mẹ́wàá ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń fo gọ́tà yẹn,
ìgbà náà ni mo máa ń pa fìtílà. Kẹrosíìnì wọ́n."
Ọdún kọkànlá rèé tí kẹ̀kẹ́ ọ̀hún wà lẹ́yìn ilé,
aláǹgbá ti fi ìjókòó rẹ̀ ṣe ààfin.
Mo ní, "Ìyá, olè kì í jí kí aago kan tó lù."
Ó ní, "Mo gbọ́. Fi sí mẹ́ta."
Mo fi sí mẹ́ta. Lúyì ń ká wáyà.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, NEPA mú iná lọ láago mẹ́jọ,
wọn ò dá a padà àfi ìgbà tí aago kan kọjá.
Àtùpà lajú, ó bá òkùnkùn,
kò rántí pé òun ti kà díẹ̀ ṣáájú;
ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.
Ìmọ́lẹ̀ wọ yàrá. Ìyá dìde, ó ró aṣọ,
ó ṣílẹ̀kùn láìbéèrè ẹni tó dé.

Ọmọkùnrin kan ló lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tapólì, abọ́ lọ́wọ́,
ojú rẹ̀ fọ́ nínú ìmọ́lẹ̀ tí òun gan-an bá mi gbé kọ́.
Ìyá wò ó, wò ó.
Ó ní, "O pẹ́ kí o tó dé."
Ó sì padà wọlé.

Lúyì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi lọ́sẹ̀ kejì,
a ń ṣiṣẹ́ lórí òrùlé ẹlòmíràn, kò wojú mi.
Ìyá kò sọ ọ́ rí. Nígbà tí mo lọ bi í
bóyá ká fi kún wákàtí,
òjò ti ṣú láago mẹ́ta ọ̀sán, àtùpà sì ti tàn,
ó ń ṣọ́ kòkó tí wọ́n ti kó wọlé.
Ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Abọ́ ọ̀hún wà lórí ògiri, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́,
ó ń dúró de ẹni tó ni ín.