Kí A Tó Pa Ikùn Dé

Ní Uliastai, nínú oṣù kẹta, afẹ́fẹ́ a máa gbé yanrìn
gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn.
Aṣọ tútù la fi dí ojú fèrèsé yàrá iṣẹ́-abẹ.
Èmi Narmandakh ni mo ń to irin sínú àwo,
ọdún kọkàndínlógún mi nìyí.

Togtokh ni orúkọ ọmọ tó wà lórí tábìlì,
ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, darandaran.
Ọjọ́ mẹ́ta ni inú ti ń run ún
kí wọ́n tó gbé e dé lórí alùpùpù,
láàárín bàbá rẹ̀ àti àpò ìyẹ̀fun.
Ìfun kékeré tó rí bí ìka ti bẹ́ sínú rẹ̀.

Mo ti fún un ní oògùn apakòkòrò kí ọ̀bẹ tó kan awọ.
N kò fi abẹ fá irun ikùn rẹ̀:
abẹ a máa ṣí ilẹ̀kùn kéékèèké tí ojú kò rí.
Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì gbígbóná wé ẹsẹ̀ rẹ̀,
nítorí ara tí òtútù mú kì í lè jagun.

Wọ́n ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́.
Òótọ́ ni, létí odò.
Ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá ti wọ inú ọyún,
èwo ni yóò wẹ èwo?
Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.
Ohun tí à ń kó jáde nínú Togtokh
ló ń wá ọ̀nà padà sínú awọ rẹ̀,
ó ń gun ìka wa bí ẹṣin.

Mo rántí Dulamsuren.
Òru ni, iná ń ṣẹ́jú, a ń kánjú.
Abẹ́rẹ́ àti ọwọ́ tó kó ìdọ̀tí ìfun rẹ̀
náà la fi rán awọ rẹ̀.
Lọ́jọ́ karùn-ún, mo ṣí báńdéèjì,
òórùn ló kọ́kọ́ kí mi.
Ojú rírán pupa, ó le, ó gbóná bí òkúta ẹ̀bá ààrò.
Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ló lò lọ́dọ̀ wa.
Ewúrẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló tà.
Kò bá wa jà.
Wàrà gbígbẹ ló fi ránṣẹ́ sí wa, odindi àpò kan.
N kò lè jẹ ẹ́.

Dókítà Khurelbaatar na ọwọ́: “Òwú.”
N kò fún un.
“Ìbọ̀wọ́,” ni mo wí.
Ó wo aago. Aboyún kan ń kérora ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.
“Narmandakh, ìbọ̀wọ́ ku páálí méjì.”
“Mo mọ̀. Èmi ni mo kà á.”
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀,
àfi ẹ̀rọ tó ń ka ìlù àyà ọmọ náà.
Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ: fàá, rọ́bà ń bọ́ lára ọwọ́.
Gbogbo wa pààrọ̀. Mo da aṣọ bo àwo àkọ́kọ́ bí òkú,
mo sì ṣí èkejì.

Ìyá ìyá rẹ̀ gbé ọ̀rá ìrù àgùntàn wá nínú ìgò,
fún ojú egbò.
Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.
Mo ní, “Màmá, ọbẹ̀ rẹ̀ ni ká fi í sí,
tó bá lè jẹun. Egbò kò jẹ nǹkan kan.
Ọṣẹ rèé, omi rèé. Ọwọ́ yín ni oògùn tó kù.”
Ó wo ọwọ́ rẹ̀, tó ti gbẹ́bí ọmọ àgùntàn láìmọye.
Inú bí i díẹ̀. Ó fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ karùn-ún. Mo ṣí báńdéèjì.
Mo fi imú sí i kí n tó fi ojú sí i.
Òórùn aṣọ gbígbẹ.
Ìlà kan ṣoṣo, bí ipasẹ̀ ẹṣin kan lórí yìnyín.
“Kí lẹ rí?” ni Togtokh bi mí.
“N kò rí nǹkan kan.”
Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.
Mo padà lọ ka ìbọ̀wọ́.