Oníbodè Erédò

Lẹ́yìn ilé ìlàgi kan l'Ókè-Àgbò, n'Íjẹ̀bú-Igbó,
níbi tí ìyẹ̀fun pákó ti ń kún inú bàtà,
la ti ń ṣeré wa lálẹ́ Jímọ̀:
àwa mẹ́rin, àtùpà oníbátìrì kan,
ìwé ìṣirò tí mo ya ìlú sí,
dáìsì lúdò méjì tí ọ̀kan ti họ létí.
Ẹnu la fi ń rìn.
Èmi ni mo ń sọ ohun tójú wọn rí,
àwọn ni wọ́n ń sọ ohun tọ́wọ́ wọn ṣe.

Nọ́fíù ní oṣó lòun, oògùn ń bẹ láhọ́n òun.
Sàkírátù gbé idà. Ọdúbánwò ni olè ẹgbẹ́,
gaàrí gbígbẹ ló sì ń jẹ bó ti ń jalè.

Mo mú wọn dé etí yàrà Erédò lóru,
ẹnubodè onírin kan, oníbodè kan ṣoṣo.
Mo sọ ọ́ ní Òkúbánjọ láìronú.
Mo ní ó ń wúkọ́.
Mo ní ìyàwó rẹ̀ di iṣu sísun sí i lápò.
Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í:
ẹni tó bá ti ní iṣu lápò ti dèèyàn.

"Gbétùgbétù," Nọ́fíù wí, ó ju dáìsì.
Mẹ́fà. Mẹ́fà.
Ojú oníbodè dán bí ojú ẹja orí àtẹ.
"Ṣílẹ̀kùn." Ó ṣí i.
"Kó kọ́kọ́rọ́ wá." Ó kó o wá, ó tún dọ̀bálẹ̀.
"Jó."
Mo jẹ́ kó jó,
mo tilẹ̀ dìde, mo fi ìdí ara mi jó o fún wọn,
a rẹ́rìn-ín títí gaàrí fi há Ọdúbánwò lọ́fun.

Sàkírátù nìkan ni ò rín.
Ó ní, "Bóògùn bá dá lójú ẹ̀, kí ni yóò sọ nílé?
Mo ti pa méje láti ìrọ̀lẹ́, mo mọ̀.
Ṣùgbọ́n àwọn tí mo pa, àwọn fúnra wọn ló kú.
Èyí, ta ló ṣílẹ̀kùn?"

Nọ́fíù ní, "Ẹ̀jẹ̀ kankan ò sáà ta sílẹ̀.
Ṣé idà ló wá sàn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ?
Àti pé, ṣebí eré ni."

Eré ni. Èmi náà fẹ́ wí bẹ́ẹ̀,
ni mo bá rántí ìyá mi,
ọdún tí wọ́n pàdé ẹ̀ ní gáréèjì Ṣàgámù,
ọkùnrin méjì, ìbéèrè kan nípa ọ̀nà,
ọwọ́ kan léjìká.
Ó wọkọ̀ wálé, kò jí lójú ọ̀nà,
ó ṣí àpótí, ó ka owó èsúsú ogún obìnrin,
ó gbé e padà lọ fún wọn, ó tún ní ẹ ṣeun.
Àwọn kan ní gbétùgbétù ni.
Àwọn kan ní ojúkòkòrò ni.
Ọdún mẹ́ta ló fi san án tán, kò ráhùn owó.
Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ló ń wò.
Láti ìgbà náà, ṣíbí ló fi ń jẹ ẹ̀bà,
bí ẹni tí ò fẹ́ kọ́wọ́ yẹn tún súnmọ́ ẹnu òun.

N kò sọ èyí fún wọn.
Mo kàn ní: ilẹ̀ mọ́, oògùn dá,
Òkúbánjọ rí ẹnubodè ní gbayawu,
ó rí iṣu tí kò jẹ,
ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Nọ́fíù yí dáìsì láàárín ìka, kò jù ú.
"Ká ní mo bẹ̀ ẹ́ ńkọ́," ó ní, "tó bá sì kọ̀?"
"Á jẹ́ pé ó kọ̀ nìyẹn.
Ìta la ó sùn. Òjò á pa wá."

Sàkírátù ní òun dá kọ́kọ́rọ́ padà.
Ó ní òun jáde, òun fa ilẹ̀kùn dè lẹ́yìn ara òun,
òun kàn án lẹ́ẹ̀mẹta,
òun dúró.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú sí mi.
Èmi ni oníbodè.
Ẹnu mi là,
n kò tíì mọ ohun tí yóò wí.