Ọkọ̀ Tí Ó Ń Rántí Òkè

Ogójì ọdún ni mo ti ń fi etí tún ọkọ̀ ṣe ní Àrámọkọ̀.
Kí o tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ti gbọ́:
púlọ́ọ̀gì kan ló ń wúkọ́,
bẹ́líìtì kan ló ń sunkún bí ọmọ tí ebi ń pa.
Àfi ọjọ́ tí Tísà Àṣàolú wọlé
pẹ̀lú ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan, tòkunbọ̀,
tó rọra yọ́ wọ abẹ́ igi máńgòrò mi
bí ajigbèsè tó ń kọjá níwájú ilé olówó rẹ̀.

Mo ní, "Tísà, ẹ tan án kí n gbọ́ ohùn rẹ̀."
Wọ́n ní, "Ó ti wà ní títàn, Fágbuyì."
Mo gbé etí lé e láyà. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu.
Ẹ̀yin ará, ẹ̀rù bà mí.
Òkú ọkọ̀ nìkan ni mo mọ̀ tí í dákẹ́.

Wọ́n ní ọkàn méjì ló wà nínú rẹ̀:
ọ̀kan ń mu bẹntiróò,
ọ̀kan ń jẹ uná, bí ìyá mi ì bá ti pè é.
Bátìrì sùn sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn bí ajá àgbà.
"Wo Ìkọ̀gòsì," ni wọ́n wí
(tísà jọ́gíráfì ni wọ́n, wọn ò lè ṣàìkọ́ni),
"omi gbígbóná, omi tútù,
wọ́n pàdé, wọn ò jà."
Mo ní, "Omi Ìkọ̀gòsì kì í rán ìwé owó síni, Tísà.
Èló ni bátìrì yìí bó bá kú?"
Wọ́n gbójú sókè wo máńgòrò. Wọn ò fèsì.

A wà á lọ sí Ẹ̀fọ̀n.
Òkè ibẹ̀ ò mojú ẹnikẹ́ni;
ó ti jẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó ti jẹ bíréèkì,
ó jẹ lọ́rì Ògúndàná pẹ̀lú kòkó inú rẹ̀
lọ́dún tí wọ́n bí àkọ́bí mi.
Bí a ti ń gùn ún, ẹ́ńjìnnì jí, ó kérora díẹ̀.
Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀,
tí Tísà fẹsẹ̀ kan bíréèkì,
àmì pẹ́ńpẹ́ kan tàn níwájú wọn:
bátìrì ń jẹun.
Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń bọ́ ọ!
Gbogbo ọjọ́ ayé mi,
òórùn bíréèkì tó ń jóná ni mo mọ̀ ní ẹsẹ̀ òkè yẹn,
àṣé òkè ló jẹ wá ní gbèsè, tí a ò sìn ín.
Ohun tó ròkè, ilẹ̀ ní í bọ̀;
ta ló mọ̀ pé ó lè mú nǹkan bọ̀ lọ́wọ́?
Epo tí mọ́tò tèmi ń mu láti Adó dé Ìtawúrẹ́,
òun ni tiwọn fi lọ, tó tún fi bọ̀.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo wo ilẹ̀.
Dúdú. Ogójì ọdún ọ́ìlì.
Ìbíyẹmí, ọmọ-ọmọ mi, gbin ilá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì:
ó hù, ó wò yíká, ó kú.
Wọ́n ní ẹni da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù.
Èmi tí mo da ọ́ìlì síwájú ńkọ́,
ẹsẹ̀ ta ni yóò tẹ̀ ẹ́?
Òjò tó máa ń dé kí ìyá mi tó kọ ebè tán
ti di àlejò tí í dé nígbà tí oúnjẹ bá tán,
èyí tó wá lọ́dún yìí, òru ló wá, ó sì kó ebè lọ.
Èmi nìkan kọ́ ni mo lé e.
N kò sì sọ pé ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀.

N kò ní purọ́: n kò lówó ọkọ̀ náà.
N kò gbà pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ní Àrámọkọ̀
lè wo ibà ayé sàn.
Ṣùgbọ́n lánàá, mo gbé dúrọ́ọ̀mù kalẹ̀ fún ọ́ìlì ògbólógbòó.
Mo sọ fún Ọlágòkè, ọmọṣẹ́ mi,
pé kó lọ kọ́ṣẹ́ bátìrì lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Adó.
Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin ńkọ́?"

Èmi ń kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ìdákẹ́.
Láàárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń dúró lábẹ́ máńgòrò.
Ẹyẹ kan wà lórí rẹ̀.
N kò mọ iye ọdún tó ti ń ké níbẹ̀.