Ẹ Má Ṣẹ́jú

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń sọ ọ́
fún aláboyún, fún olóyè, fún ọmọ iléèwé tó ń gbọ̀n:
"Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹ jẹ́ n rí etí méjèèjì.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ má ṣẹ́jú."
Wọ́n á dúró gbọnin níwájú aṣọ funfun
bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dájọ́ fún.

Ta ni yóò wá sọ fún pẹ́pẹ́yẹ igbó
pé kó jẹ́ n rí etí méjèèjì?

Ní Ìkún-Èkìtì, nígbà ọyẹ́,
kí àkùkọ kejì tó kọ, mo ti wà létí dáàmù,
mo dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀ bí ẹni tó ń sá fún olówó,
kámẹ́rà lọ́wọ́, ẹ̀wù òtútù ọmọ mi lọ́rùn.
Kùrukùru bo omi;
n kò mọ ibi tí odò parí sí,
n kò mọ ibi tí ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀.
Mo gbọ́ wọn kí n tó rí wọn:
fíì-fíì-fíò, fíì-fíì-fíò,
bí ọmọdé tó ń súfèé pe ẹgbẹ́ rẹ̀
tí ìyá rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ jáde.

Oòrùn yọrí. Wọ́n rèé! Mẹ́tàdínlógún ni mo kà,
ojú wọn funfun báláú
bí ọmọge tó ti kun pọ́dà láti ilé wá.
Lékeléke fẹsẹ̀ kan dúró, ó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí.
Ẹyẹ dúdú kan na apá méjèèjì sóòrùn
bí aṣọ tí wọ́n sá sórí àpáta.
Ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ ń rìn lórí ewé òṣíbàtà,
kò rì, kò yára,
ìyàwó tuntun tó ń kọjá níbi tí ìyá ọkọ ń sùn.
Mo di ojú òsì. Mo mú èémí dúró.
Ìka mi kan bọ́tìnnì,
fùrùrù!
Omi nìkan ló kù tí mo rí yà.

Ọjọ́ mẹ́rin bẹ́ẹ̀.
Lọ́jọ́ kan, ìrù. Lọ́jọ́ kejì, ìfófòó.
Lọ́jọ́ kan, igbó òdìkejì hàn kedere, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.
Ìyàwó mi ní, "Àwọn oníbàárà rẹ jókòó títí,
wọ́n ti fi fóònù ya ara wọn."
Mi ò lésì.

Lọ́jọ́ karùn-ún ni Fálúyì apẹja tukọ̀ kọjá,
ó rí mi nínú ẹrẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí àjẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
"Ùwọ alákámẹ́rà, ojú kan lo fi ń wò wọ́n.
Ta ló ń fojú kan wo ẹyẹ bí kò ṣe ọdẹ?
Wọ́n ti mọ ojú yẹn kí wọ́n tó bí ọ.
Wọ inú ọkọ̀. Èmi ni kó o máa wò, má wò wọ́n."

Mo jókòó sáàárín àwọ̀n àti epìyà tó ń ta pàrà.
Ó sọ ti orúnkún rẹ̀,
ó sọ ti ọmọ rẹ̀ ní Ọ̀mùò tí kì í pè é,
ó sọ ti oko bàbá rẹ̀ tó wà lábẹ́ wa níbẹ̀ gan-an,
igi obì mẹ́ta, kí ìjọba tó dí odò.
Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, lórí oko náà.
Kámẹ́rà wà lórí itan mi.
Mi ò di ojú kankan. Mo kàn tẹ̀ ẹ́.

Fótò náà wà lára ògiri mi báyìí,
láàárín ìyàwó ọ̀ṣìngín àti olóyè tó ti sùn.
Kò tọ́. Ìdajì rẹ̀ ṣókùnkùn.
Ẹyẹ kan ṣoṣo ló mọ́ nínú mẹ́tàdínlógún,
ó kọjú sí mi tààrà,
ó sì ṣẹ́jú.
Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ọwọ́ Fálúyì yọ wọlé,
ó ń nàka sínú omi.

Àwọn oníbàárà a máa bi mí pé kí ló ń tọ́ka sí.
Mo ní, "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀."